Ẹ Wo Wáyà Dúdú Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Mítà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti owó oṣù, kì í sì í ṣe ti àfikún wákàtí. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kékeré kan ni, ọkọ̀ eré tí ìjókòó rẹ̀ kò ju méjì lọ. Ẹlòmíràn yóò wí pé, kí ló kan òṣìṣẹ́ nínú ọkọ̀ afẹ́? Ẹ fara balẹ̀. Owó òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìntì ni ọkọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán, orúkọ ọmọ kọ́ṣẹ́-kọ́ṣẹ́ kan ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bà jẹ́.

N kò ní fi èrò mi pamọ́. Ẹni tí ó bá ń pààrọ̀ nǹkan lára ọkọ̀ láì kọ́kọ́ dán an wò, kò tún ọkọ̀ ṣe. Owó olówó ni ó fi ń ta tẹ́tẹ́. Àwọn baba wa sì ti wí i pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ̀gbọ́n wa kan wà tí wọ́n tún bọ́ọ̀sì ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìntì, MGB kan tí wọ́n ṣe ní 1971 ni wọ́n rà. Ìpẹtà ti jẹ ìdí ọkọ̀ náà tán, adìẹ sì ni ó yẹ kí ó máa sùn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà èwe wọn ni wọ́n ti ń rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ olówó, wọ́n sì ti sọ lọ́kàn ara wọn pé ọjọ́ kan ń bọ̀. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi tún un ṣe. Ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀dà kíkùn àti wáyà títò ni wọ́n gbé fún ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì kan, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ wa kan tí ó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ni ó to wáyà náà.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọkọ̀ tí à ń wí. Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe MGB, láti 1962 títí di 1980. Èyí tí wọ́n ṣe lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1980 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ náà, tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì di ẹni tí ń wá iṣẹ́ kiri. Ọwọ́ wọn kò sí nídìí ẹ̀rọ mọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wọn ṣì ń rìn lójú títì. Mítà inú ọkọ̀ náà, iṣẹ́ àwọn Smiths ni, tí wọ́n ní ilé iṣẹ́ ńlá ní Cricklewood ní Lọ́ńdọ̀nù. Dísíríbítọ̀ rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ohun èlò iná rẹ̀, iṣẹ́ àwọn Lucas ti Birmingham ni.

Ọkọ̀ náà jáde, ó ń dán bí ojú omi. Àwọn ènìyàn ń dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà láti wò ó. Ṣùgbọ́n kò tíì tó ọ̀sẹ̀ kan tí àìsàn méjì fi bẹ̀rẹ̀. Ìkíní, mítà epo ń purọ́. Bí epo bá tó ìdajì táńkì, mítà á ní ó kún. Nígbà tí mítà bá wí pé ìdajì, epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó já Ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ ní ojú ọ̀nà ńlá nínú òjò. Èkejì, bí wọ́n bá ti ń sáré jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì á ta, á kú, á tún jí, bí ẹni tí ìsúkẹ̀ ń yọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà lórí ìdúró, á máa ró jẹ́ẹ́, kò ní yọnu rárá.

Ilé iṣẹ́ náà gba ọkọ̀ padà. Wọ́n pààrọ̀ mítà epo. Wọ́n pààrọ̀ ohun tó léfòó nínú táńkì. Wọ́n pààrọ̀ kọ́ìlì, wọ́n pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù epo. Gbogbo rẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n sanwó fún, àìsàn méjèèjì sì jókòó síbi tí wọ́n wà. Ìgbà náà ni ọ̀gá ibẹ̀ wá sọ pé ọmọ kọ́ṣẹ́ náà ni ó to wáyà sódì, pé kí wọ́n fa gbogbo wáyà ọkọ̀ yọ kí wọ́n ra tuntun, àti pé òun kò ní fẹ́ rí ọmọ náà níbẹ̀ mọ́ bí oṣù bá parí. Owó tí ó dá lé e ju owó ìfẹ̀yìntì oṣù méjì lọ. Kò gbé gílóòbù ìdánwò kan jáde, kò ka mítà kan. Ẹjọ́ ni ó dá láì gbọ́ tẹnu ọkọ̀. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ẹ̀gbọ́n pè mí ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ní, "Àbúrò, ìwọ ni o jókòó ti iná bọ́ọ̀sì ní gbogbo ayé rẹ. Wá bá mi wò ó kí n tó ju owó sínú iná." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ọmọ náà pé kí òun náà wá."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwa mẹ́ta pé sídìí ọkọ̀. Ọmọ náà dúró lọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni tí wọ́n mú wá sí kóòtù. Ohun èlò tí mo mú wá kò pọ̀: gílóòbù fóòtì 12 kan tí mo so wáyà méjì mọ́, mítà iná alábẹ́rẹ́, wáyà gígùn kan, àti pépà oníyanrìn.

Mo kọ́kọ́ bi ọmọ náà léèrè ohun tí àwọ̀ wáyà ń wí, nítorí pé àwọ̀ wáyà ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́, èdè ni. Ó dá mi lóhùn láì ṣi ẹyọ kan: wáyà aláwọ̀ ilẹ̀ ń gbé iná bátìrì nígbà gbogbo, funfun ń gba iná nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, aláwọ̀ ewé ń gba iná kọ́kọ́rọ́ gba inú fíúùsì, dúdú sì ni èyí tí ń dá iná padà sí ara ọkọ̀, tí àwa oníṣẹ́ iná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Mo wo ojú Ẹ̀gbọ́n. Ọmọ tí ó mọ èyí kì í ṣe ẹni tí í to wáyà sódì.

A bẹ̀rẹ̀ láti orí bátìrì. Ọkọ̀ ti ọdún náà ní bátìrì méjì lẹ́yìn ìjókòó, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 6, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ di 12. A yọ orí wọn, a fọ̀ wọ́n, a dè wọ́n le. A wo okùn irin tí ó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó sí, rọ́bà kì í sì í gbé iná. Bí ẹni tó tún ọkọ̀ ṣe bá gbàgbé okùn yìí, iná sítátà á wá ọ̀nà míràn gbà padà, ó sì lè gba inú okùn ṣóòkì títí okùn náà á fi gbóná mọ́ni lọ́wọ́. Tiwa wà níbẹ̀, ó sì mọ́.

Lẹ́yìn náà a kọjú sí mítà epo. A pa iná, a yọ wáyà aláwọ̀ ewé onílà dúdú kúrò lẹ́yìn táńkì, a sì tan iná. Abẹ́rẹ́ mítà wá sí òfo, bí ó ti yẹ. A pa iná, a fi orí wáyà náà dè mọ́ ara ọkọ̀ níbi tí ó mọ́, tí ó sì jìnnà sí ẹnu táńkì, a tún tan iná fún ìgbà díẹ̀. Abẹ́rẹ́ rọra gòkè lọ sí ibi tó kún. Ó túmọ̀ sí pé wáyà náà yè, mítà náà sì lè rìn. Àyẹ̀wò ìṣẹ́jú márùn-ún ni èyí, ẹ sì rántí pé wọ́n ti ta mítà tuntun fún Ẹ̀gbọ́n.

Bí mítà bá yè tí wáyà sì yè, tí mítà sì ń pe ohun gbogbo ju bí ó ti rí lọ, ta ló kù? Sìtẹ́bíláísà ni. Àpótí kékeré ni, kò ju ìka méjì lọ, ó fara pamọ́ sẹ́yìn pátákó mítà. Iná ọkọ̀ kì í dúró sójú kan: bí ẹ́ńjìnnì bá sùn ó lè jẹ́ fóòtì 12, bí ó bá ń sáré ó lè súnmọ́ 14. Mítà epo kò lè fara da èyí kí ó sì sọ òótọ́. Nínú àpótí náà ni irin pẹlẹbẹ kan wà tí iná ń mú gbóná. Bí ó bá gbóná á tẹ̀, á gé iná. Bí ó bá tutù á padà, á so iná. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe láìsinmi, tí ohun tí mítà ń rí gbà á fi máa dọ́gba pẹ̀lú fóòtì 10. Ṣùgbọ́n irin náà kò lè gbóná bí kò bá ní ẹ́ẹ̀tì. Ara àpótí àti bóòtù tó dì í mú ni ẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí ẹ́ẹ̀tì bá já, irin á tutù, kò ní gé mọ́, gbogbo iná bátìrì á sì máa ya wọ inú mítà.

Mo fi mítà alábẹ́rẹ́ kan ẹnu sìtẹ́bíláísà. Abẹ́rẹ́ dúró gbọn-in sórí 12. Mo ní kí ọmọ náà fi wáyà gígùn so ara àpótí náà mọ́ ibi ẹ́ẹ̀tì bátìrì. A dúró díẹ̀. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò, bí àyà ọmọdé tó ń sùn. Ẹ̀gbọ́n pariwo. A yọ bóòtù náà: ọ̀dà tuntun méjì ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń dán. Ọ̀dà kì í gbé iná. A fi pépà oníyanrìn ha a títí a fi rí irin, a dè é padà, a fi gírísì díẹ̀ bò ó kí ìpẹtà má baà dé. Mítà epo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òótọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí. Bí mítà kan ṣoṣo bá ń ṣe wèrè, ẹ wo mítà náà, wáyà rẹ̀ àti ohun tí ó ń rán an níṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí méjì bá ń ṣe wèrè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wo ohun tí àwọn méjèèjì jọ ń mu. Nínú Triumph Spitfire, èyí tí wọ́n ṣe ní Coventry láti 1962 títí di 1980, mítà epo àti mítà ooru jọ ń mu láti inú sìtẹ́bíláísà kan náà ni. Bí àwọn méjèèjì bá gòkè pọ̀, ẹ má ra mítà méjì, ẹ má sì sọ pé ẹ́ńjìnnì ń sè.

Ó ku ìsúkẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Mo bi Ẹ̀gbọ́n léèrè pé, "Nígbà tí ó bá ta báyìí, kí ni abẹ́rẹ́ tí ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì ń ṣe?" Wọ́n ronú, wọ́n ní, "Ó ń ṣubú sí òfo lójijì, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń yí ẹ́ńjìnnì." Ẹ̀yin ará mi, gbólóhùn kan yìí ju kọ́ìlì tuntun lọ. Nínú MGB ti ọdún náà, iná tí ń wọ inú kọ́ìlì ni mítà yìí ń kà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí tí abẹ́rẹ́ sì bọ́ sí òfo, a jẹ́ pé iná kékeré ni ó gé: kọ́kọ́rọ́, wáyà funfun, kọ́ìlì, tàbí kọ́ńtáàtì. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣì ń ka dáadáa tí ẹ́ńjìnnì ń kú, ẹ lọ wo iná ńlá, ìyẹn rótọ̀, ìdérí dísíríbítọ̀ àti okùn pílọ́ọ̀gì, tàbí kí ẹ lọ wo epo. Awakọ̀ ti mọ ìdajì ìdáhùn kí ọkọ̀ tó dé ilé iṣẹ́. Kò sí ẹni tó bi í.

A wo iná ní ẹnu kọ́ìlì: 12 pé. A so gílóòbù mọ́ ẹnu kejì kọ́ìlì, níbi wáyà funfun onílà dúdú, a sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì kan ẹ́ẹ̀tì. Bí sítátà ti ń yí ẹ́ńjìnnì, gílóòbù ń ṣẹ́jú: kọ́ńtáàtì ń ṣí, ó ń pa dé. A wọn àlàfo rẹ̀: 0.015 ínṣì, bí ìwé ti wí. Lórí ìdúró, ohun gbogbo yè. Kí ni ó yàtọ̀ lójú ọ̀nà?

Ọmọ náà ni ó dáhùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, afẹ́fẹ́ kabúrétọ̀." Bẹ́ẹ̀ ni! Píìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láti kabúrétọ̀ sí ara dísíríbítọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sùn lórí ìdúró, kò sí ohun tí ń fà á. Bí a bá tẹ ẹsẹ̀ sí epo díẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ń fa àwo tí kọ́ńtáàtì jókòó lé, kí iná lè yá ṣáájú. Wáyà rírọ̀ kékeré kan ni ó sì ń gbé iná wọ orí àwo náà láti ìta. Bí àwo ti ń lọ tó ń bọ̀, wáyà náà ń tẹ̀, ó ń nà. A fi mítà alábẹ́rẹ́ wọn wáyà yẹn láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì: ó yè. Mo ní kí ọmọ náà fi ẹnu fa píìpù náà. Bí ó ti fà á, àwo yí, abẹ́rẹ́ mítà sì fò kúrò ní ipò rẹ̀. Ó tú u sílẹ̀, ó padà. Wáyà náà ti já nínú aṣọ rẹ̀, ojú kò lè rí i. Wáyà tí kò gùn ju ìka lọ ni. Ti 1971 ni, ọmọ náà kò sì fọwọ́ kàn án rí, nítorí wọ́n sọ fún un pé dísíríbítọ̀ kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀. A fi wáyà tuntun tó rọ̀ dáadáa sí i, Ẹ̀gbọ́n sì wa ọkọ̀ náà jìnnà, kò ta lẹ́ẹ̀kan.

Ní ọjọ́ Ajé, Ẹ̀gbọ́n mú wáyà jíjá náà lọ bá ọ̀gá ilé iṣẹ́ yẹn, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì rẹ̀. Ọmọ náà kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá kò tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ó dá owó mítà epo padà.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀gá ń sọ, n kò sì ní fi ẹ̀tọ́ wọn dù wọ́n. Wọ́n ní oníbàárà kì í fẹ́ sanwó àyẹ̀wò. Ó fẹ́ rí nǹkan tuntun tí owó rẹ̀ rà. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ta ni yóò fẹ́ gbọ́ pé òun san owó wákàtí mẹ́ta fún bóòtù kan tí a ha ọ̀dà rẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Wákàtí mẹ́ta tí oníṣẹ́ fi ronú kò tó owó kọ́ìlì, pílọ́ọ̀gì, pọ́ǹpù àti mítà tí kò ṣàìsàn. Bí oníbàárà kò bá mọ̀, ojúṣe wa ni láti sọ fún un. Àyẹ̀wò ni iṣẹ́. Sípánà ni ó tẹ̀lé e. Ó yẹ kí a kọ wákàtí àyẹ̀wò sínú ìwé owó gbangba, kí a sì san án fún ẹni tó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kò dùn mọ́ mi. Àwọn awakọ̀ máa ń fi Lucas ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pe olùdásílẹ̀ rẹ̀ ní Ọmọba Òkùnkùn, bí ẹni pé àwọn òṣìṣẹ́ Birmingham kò mọ iṣẹ́. Wáyà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kí ó tó já, ṣé a lè pe ìyẹn ní iṣẹ́ búburú? Àìsàn méjì tí ó mú ọkọ̀ yìí, ọ̀kan jẹ́ ti ọjọ́ orí, èkejì jẹ́ ti ọ̀dà àná. Kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀bi ẹni tó jókòó nídìí ẹ̀rọ ní ìgbà náà.

Àwọn kan yóò wí pé kí a kúkú ju kọ́ńtáàtì nù, kí a fi ohun ìṣáná ìgbàlódé sí i. N kò bá wọn jà. Ó ní ibi tó dára sí. Ṣùgbọ́n àwọn irú kan wà tí ń da mítà tí ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì rú nínú ọkọ̀ àtijọ́ báyìí, kò sì sí èyí tí yóò wo ẹ́ẹ̀tì tí ọ̀dà bò sàn. Ẹni tí kò bá mọ ìdí àrùn, oògùn tuntun kò ní ràn án lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin awakọ̀, bí ọkọ̀ bá ṣe yín, ẹ rántí ohun tí ojú yín rí lórí mítà kí ẹ sì sọ ọ́ fún ẹni tí yóò tún un ṣe. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọ̀dà, ẹ fi ibi ìsopọ̀ iná sílẹ̀ láìkùn. Ẹ̀yin àgbà oníṣẹ́, ẹ pe ọmọ kọ́ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ yín nígbà tí ẹ bá ń wá àìsàn, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ ó dẹ́bi fún. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ọmọ náà ti ní gílóòbù ìdánwò tirẹ̀ báyìí. Ó fi wáyà dúdú kan so ó mọ́ àpótí irinṣẹ́ rẹ̀.

Èmi ni òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ yín, oníṣẹ́ iná ọkọ̀.